Kí Ẹsẹ̀ Tó Kúrò ní Èbúté

Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ fún gbogbo ará Ṣómólú àti Bàrígà lórí ìmúrasílẹ̀ fún ìgbafẹ́ orí omi

Mo júbà àwọn àgbà Ìlàjẹ àti Ègùn tó wà láàárín wa. Iṣẹ́ omi tẹ́ ẹ fi gbogbo ayé yín ṣe ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí níṣojú yín. Bí mo bá ṣì í sọ, ẹ fà mí létí.

Ìwé pélébé kan ló gbé mi dé orí pèpéle yìí. Lọ́dún tó kọjá, àwọn ọ̀dọ́ kan ní àdúgbò wa wá sí ilé ìtẹ̀wé mi, wọ́n ní kí n bá àwọn tẹ ìwé ìpolówó. Wọ́n fẹ́ wọ ọkọ̀ ojú omi lọ gbafẹ́ ní Tarkwa Bay ní ọjọ́ Sátidé kan. Mo ka ìwé náà látòkè délẹ̀ bí mo ti máa ń ka gbogbo ohun tí mo bá fẹ́ tẹ̀, nítorí àṣìkọ. Iye owó wà níbẹ̀. Orúkọ ẹni tí yóò máa gbé orin sí i wà níbẹ̀. Ìrẹsì, adìyẹ, ohun mímu tútù, àwọ̀ aṣọ tí wọn yóò wọ̀, gbogbo rẹ̀ wà níbẹ̀. Mo yí ẹ̀yìn rẹ̀ wò, òfo ni. Mo bi wọ́n pé, "Ta ló máa tu ọkọ̀? Èèyàn mélòó ni ọkọ̀ náà ń gbà? Aago mélòó lẹ máa padà?" Wọ́n ń wojú ara wọn. Ọmọbìnrin tó jẹ́ olórí wọn ló dá mi lóhùn: "Bàbá, a máa rí ìyẹn tá a bá débẹ̀."

Gbólóhùn yẹn kò kúrò lọ́kàn mi láti ọjọ́ náà. Òun ló bí ìbéèrè kan ṣoṣo tí mo gbé wá síwájú yín lónìí: bí èèyàn bá ń lọ gbafẹ́ lórí omi, níbo la ti ń pinnu bóyá yóò padà wálé láyọ̀, ṣé láàárín omi ni àbí ní èbúté? Ìdáhùn mi ni pé èbúté ni. Èyí tó pọ̀ jù nínú ohun tó ń ṣẹlẹ̀ láàárín omi, a ti fọwọ́ sí i kí ẹsẹ̀ tó kúrò nílẹ̀.

1. Ìtumọ̀ àwọn ọ̀rọ̀ tá a fẹ́ lò

Èbúté ni ibi tí ilẹ̀ àti omi ti ń gba ẹrù lọ́wọ́ ara wọn. Èkó kún fún un. A ní Èbúté Mẹ́ta, a ní Èbúté Èrò, a sì ní Èbúté Ìlàjẹ tiwa ní Bàrígà níbí. Àwọn àgbà sọ pé bí ọkọ̀ re òkun, bí ọkọ̀ re ọ̀sà, yóò padà wá forí fún elébùúté. Agbéraga la sábà máa ń pa òwe yìí fún. Lónìí, mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbọ́ ọ bí atukọ̀ ṣe ń gbọ́ ọ. Ó ń sọ fún wa pé ọkọ̀ ní elébùúté: ẹnì kan wà ní etí omi tó mọ ìgbà tí ọkọ̀ lọ, tó sì mọ ìgbà tó yẹ kó dé. Ọkọ̀ tí kò ní elébùúté, ta ni yóò mọ̀ pé kò padà?

Ọ̀rọ̀ kejì ni ọ̀sà. Odò ní ibi tó ń ṣàn lọ, òkun kò lópin lójú ẹni tó ń wò ó. Ọ̀sà wà láàárín àwọn méjèèjì, ó ń gba omi lọ́wọ́ odò, ó ń gba iyọ̀ lọ́wọ́ òkun. Láàárọ̀ kùtù, ó máa ń tẹ́ pẹrẹsẹ bí omi inú àwo. Tó bá di ọ̀sán, afẹ́fẹ́ òkun á dé, á rú u. Ẹni tó bá wo ọ̀sà láago méje àárọ̀ tó sì gbà pé bẹ́ẹ̀ ni yóò ṣe rí láago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ó ti ṣi omi mọ̀.

Ẹ̀kẹta ni ìgbafẹ́, òun sì ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ bá mi dúró tì díẹ̀. Apẹja gbọ́dọ̀ lọ sójú omi, nítorí bí kò bá lọ, ìkòkò kò ní gbé iná. Ìyá ẹlẹ́ja gbọ́dọ̀ sọdá, nítorí ẹja kì í dúró de ẹni. Òṣìṣẹ́ tó ń ti Ìkòròdú lọ sí Erékùṣù Èkó ń sá fún sún-kẹẹrẹ-fà-kẹẹrẹ. Gbogbo wọn ló ní ohun tó ń lé wọn. Ẹni tó ń lọ gbafẹ́ ńkọ́? Ebi kò lé e, ọ̀gá kò lé e, ọjà kò sì ní tú kó tó dé. Bí kò bá lọ lónìí, ó lè lọ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Ohun tí mo ń pè ní agbára olùgbafẹ́ nìyí: ìgbafẹ́ kò ní dandan. Nínú gbogbo èèyàn tó ń wọ ọkọ̀ ojú omi ní Èkó, òun nìkan ló lè sọ pé "mi ò lọ mọ́" láìpàdánù ohun kan ju owó tíkẹ́ẹ̀tì lọ.

Èyí tó kù ni ìmúrasílẹ̀. Ẹ má jẹ́ ká pa á pọ̀ mọ́ ìpalẹ̀mọ́. Ìpalẹ̀mọ́ ni àwọn ọ̀dọ́ yẹn ṣe: wọ́n palẹ̀ ìrẹsì mọ́, wọ́n palẹ̀ orin mọ́. Ìpalẹ̀mọ́ ń wo bí òde ṣe máa dùn, ìmúrasílẹ̀ ń wo ohun tá a máa ṣe bí ẹ́ńjìnnì bá kú láàárín omi. Àwọn méjèèjì ló dára, àmọ́ èkejì ló ń gbẹ̀mí là.

2. Omi tó wà lójúde wa

A ò lè múra sílẹ̀ de ohun tá ò mọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa ń rí ọ̀sà lójoojúmọ́ láti orí Afárá Third Mainland, afárá tí gígùn rẹ̀ jẹ́ kìlómítà 11.8, tí wọ́n sì parí rẹ̀ ní 1990. Láti òkè yẹn, omi dà bí aṣọ àrán tí wọ́n tẹ́ kalẹ̀. Ẹ sọ̀kalẹ̀ wá sí etí omi Bàrígà kẹ́ ẹ wò ó láti ìsàlẹ̀.

Ẹ máa rí àwọn tó ń wa yanrìn. Ọkọ̀ pákó ni wọ́n ń lò, wọ́n á ta ìgbòkun tí wọ́n fi àpò rán, wọ́n á dé ibi tí yanrìn wà, wọ́n á ri àkàbà sínú omi, wọ́n á sì bá a sọ̀kalẹ̀ pẹ̀lú bọ́kẹ́ẹ̀tì lọ́wọ́. Ẹ̀rọ ńlá náà ń fa yanrìn láwọn ibòmíràn. Ìdí tí mo fi sọ ọ́ ni pé ibi tí wọ́n ti wa yanrìn kò tẹ́jú mọ́. Èèyàn lè dúró síbi tí omi ti mu ún dé ìbàdí, kó gbé ẹsẹ̀ kan síwájú, kí ilẹ̀ má sí níbẹ̀ mọ́. Nítorí náà, ẹni tó bá ní "ọ̀sà yìí ò jìn, mo lè dúró nínú ẹ̀," òótọ́ ló ń sọ nípa ibi tó wà nìkan.

Lẹ́yìn náà, igi. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi so gẹdú pọ̀ lórí omi, tí wọ́n fà á gba orí ọ̀sà wá sí ibi ìlagi ní Òkóbàbà, ní Èbúté Mẹ́ta. Èyí tó bá já kúrò lára ẹgbẹ́ rẹ̀ kì í léfòó dáadáa. Á mu omi yó, á wá dùbúlẹ̀ sísàlẹ̀ díẹ̀ bí ọ̀nì, ojú kò ní rí i. Ọkọ̀ fáíbà tó ń sáré tó bá kọlu irú igi bẹ́ẹ̀, ńṣe ló máa lù. Ẹ tún fi àwọ̀n àti òpó àwọn apẹja Ègùn kún un. Wọ́n mọ ibi tí wọ́n rì í sí, àlejò kò mọ̀ ọ́n.

Lásìkò òjò, odò Ògùn àti odò Ọ̀ṣun á gbé omi wọn wọ ọ̀sà, wọ́n á sì gbé ewé tí àwọn ará etí omi ń pè ní gbéborùn dání. Ọdún 1984 ni wọ́n kọ́kọ́ kíyè sí ewé yìí nílẹ̀ wa, ní ìhà Àgbádárìgì. Ewé náà lẹ́wà, òdòdó rẹ̀ fani mọ́ra, ṣùgbọ́n ó ń wé mọ́ abẹ́bẹ̀ ẹ́ńjìnnì títí ẹ́ńjìnnì á fi dákẹ́. Bí iyọ̀ òkun bá wọlé lásìkò ẹ̀ẹ̀rùn, ewé náà á kú. Ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn sì ní tirẹ̀: ìkùukùu ọyẹ́ tó ń bo ojú omi láàárọ̀, tí atukọ̀ kò fi ní rí ọkọ̀ tó ń bọ̀ níwájú.

Ìjì ni mo fi kẹ́yìn, torí òun ló ń dẹ́rù bà mí jù. Bí òjò bá fẹ́ bẹ̀rẹ̀ lọ́dún, àti bó bá fẹ́ kásẹ̀ nílẹ̀, ìjì tó ń ti ìlà-oòrùn wá kì í pẹ́ kó tó dé. Ojú ọ̀run á dúdú lápá Ìkòròdú, atẹ́gùn tútù kan á kọ lu ojú ẹni, ìgbì á sì dìde kí èèyàn tó ka ìwé tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ tán. Àwọn àgbà etí omi mọ atẹ́gùn tútù yẹn. Tó bá ti fẹ́, wọn kì í tún bá ẹnikẹ́ni jiyàn, wọ́n á fa ọkọ̀ gòkè.

Ẹ rántí ìbéèrè wa. Nínú gbogbo ohun tí mo kà sílẹ̀ yìí, kò sí ọ̀kan tí a kò lè béèrè nípa rẹ̀ ní èbúté. Ẹnì kan wà níbẹ̀ tó mọ ibi tí igi wà, ẹnì kan wà tó mọ ibi tí wọ́n ri àwọ̀n sí. Ẹ bi wọ́n. Láàárín omi, kò sí ẹni tá a máa bi.

3. Mímọ̀ yàtọ̀ sí mímúra

Ẹnì kan lè sọ pé ohun tí mo ń sọ kì í ṣe tuntun, gbogbo èèyàn ló mọ̀ pé omi léwu. Mo gbà. Ibi tí ìṣòro wà gan-an nìyẹn.

Ní ọjọ́ 10 oṣù kẹrin ọdún 2024, òṣèré Nollywood tí gbogbo wa mọ̀ sí Junior Pope, John Paul Odonwodo, kú nínú ìjàǹbá ọkọ̀ lórí Odò Ọya, ní agbègbè Anam ní Ìpínlẹ̀ Anambra, òun àti àwọn mìíràn nínú àwọn tí wọ́n jọ ń ṣe fíìmù. Ẹ̀yin náà rí fídíò tó ti ṣe ṣáájú, níbi tó ti wà nínú ọkọ̀ tó ń sáré, tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ ẹ, tó ń sọ fúnra rẹ̀ pé àwọn ń sọdá odò láìwọ láìfù-jákẹ́ẹ̀tì. Ó mọ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló sọ ọ́. Mi ò sọ èyí láti dá òkú lẹ́bi. Ọmọkùnrin tó ń wá oúnjẹ fún àwọn ọmọ rẹ̀ ni, iṣẹ́ ló sì gbé e dé orí omi. Mo sọ ọ́ nítorí pé ó wà lójú gbogbo ayé pé ìmọ̀ nìkan kì í mú èèyàn léfòó. Lórí ilẹ̀ ló ti yẹ kí ẹnì kan nínú àwọn tó kó wọn lọ ti sọ pé, "Kò sẹ́ni tó máa wọlé láìwọ èyí."

Ẹ tún gbọ́ èkejì. Ní ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 2023, àwọn ará agbègbè Pàtígì ní Ìpínlẹ̀ Kwara ń bọ̀ láti ibi ìgbéyàwó ní Egboti, ní Ìpínlẹ̀ Niger, lódìkejì Odò Ọya. Òru ni. Ọ̀pọ̀ wọn ló gun ọ̀kadà lọ, ṣùgbọ́n òjò ńlá rọ̀, ọ̀nà kún fún omi, ni gbogbo wọn bá wọ ọkọ̀ kan. Ọkọ̀ náà kún jù, ó kọlu igi tó wà nínú omi, ó fọ́. Ó lé ní ọgọ́rùn-ún èèyàn tó bá a lọ. Ẹbí ni wọ́n jẹ́ síra wọn, ọ̀rẹ́ ni wọ́n, aṣọ ìnáwó ṣì wà lọ́rùn wọn. Ẹ wo iye ìgbà tí wọ́n lè ti dúró: nígbà tí òjò rọ̀, nígbà tí ilẹ̀ ṣú, nígbà tí wọ́n rí i pé ọkọ̀ kan ṣoṣo ló wà. Kò sí ohun tó ń dúró dè wọ́n nílé tí kò lè dúró di àárọ̀. Èbúté ni òru ọjọ́ yẹn ti bàjẹ́.

4. Ọkọ̀ àti ẹni tó ń tù ú

Mo ní láti sọ tèmi níbí. Mo jẹ́ ọmọ ogún ọdún nígbà náà, wọn ò tíì pẹ́ tí wọ́n parí afárá. Àwa mẹ́rin yá ọkọ̀ pákó kékeré kan tó ní ẹ́ńjìnnì, a ní a fẹ́ lọ wo afárá láti ìsàlẹ̀. A gbé epo tó máa gbé wa débẹ̀ tó sì máa gbé wa padà, bí a ṣe rò. Ní àlọ, atẹ́gùn ń tì wá lẹ́yìn. Ní àbọ̀, ó dojú kọ wá, epo sì tán níbi tí a ti ń wo àwọn òpó afárá lórí wa bí igi ìrókò. A wá àjẹ̀ nínú ọkọ̀, kò sí. A fi sálúbàtà wa méjèèjì-méjèèjì wa omi. Omi ń gbé wa sún mọ́ òpó. Àwọn tó ń wa yanrìn ló rí wa, wọ́n ju okùn sí wa, wọ́n sì fi ìgbòkun fà wá dé Bàrígà lálẹ́. Bàbá tó ni ọkọ̀ yanrìn náà kò bú wa. Ó kàn gbé àjẹ̀ kan fún mi, ó ní kí n máa gbé e lọ sílé.

Láti ọjọ́ yẹn ni mo ti mọ òfin epo tí àwọn atukọ̀ káàkiri ayé ń lò: ìdá kan nínú mẹ́ta fún àlọ, ìdá kan fún àbọ̀, ìdá kan fún ohun tá ò mọ̀. Bí ọkọ̀ yín bá máa jẹ lítà 20 ní àlọ àti àbọ̀, lítà 30 lẹ máa gbé.

Ẹ tún bi ọlọ́kọ̀ léèrè iye èèyàn tí ọkọ̀ rẹ̀ ń gbà, kẹ́ ẹ sì ka orí kí ọkọ̀ tó ṣí. Ọmọdé náà lórí. Kúlà tó kún fún yìnyín àti ohun mímu wúwo tó èèyàn kan, àpótí orin náà sì ní ìwọ̀n tirẹ̀. Ẹ gbé ẹrù tó wúwo sí ìsàlẹ̀, láàárín, kẹ́ ẹ má kó gbogbo rẹ̀ sí ìdí ọkọ̀. Ẹ bójú wo inú ọkọ̀: ṣé omi wà níbẹ̀? Omi inú ọkọ̀ burú ju ẹrù lọ, torí ẹrù máa ń dúró síbi tá a gbé e sí. Omi kì í dúró. Bí ọkọ̀ bá tẹ̀ díẹ̀ sí ọ̀tún, gbogbo omi náà á sáré lọ sọ́tùn-ún, á fi tirẹ̀ kún un. Bẹ́ẹ̀ náà ni èèyàn ṣe ń ṣe tí gbogbo wọn bá dìde lẹ́ẹ̀kan láti ya fọ́tò lábẹ́ afárá. Ẹ jẹ́ kí igbá ìgbọ́nmi wà, kí àjẹ̀ wà, kí ìdákọ̀ró àti okùn rẹ̀ wà. Ẹ́ńjìnnì òde òní ní okùn pupa kékeré kan tí atukọ̀ ń so mọ́ ọwọ́ tàbí ẹsẹ̀, tó jẹ́ pé bí atukọ̀ bá ṣubú, ẹ́ńjìnnì á kú lójú ẹsẹ̀, abẹ́bẹ̀ kò ní ge ẹni tó wà nínú omi. Bí ẹ bá rí i tí okùn náà ń fì lásán, ẹ ní kó so ó.

Atukọ̀ tó ti mu ọtí kì í ṣe atukọ̀. Mi ò ní àlàyé fún ìyẹn. Àwa tó jókòó náà, ẹ jẹ́ ká fi ọtí sílẹ̀ dìgbà tá a bá gúnlẹ̀.

5. Ẹ̀wù tó ń mú ni léfòó

Láìfù-jákẹ́ẹ̀tì ni gbogbo wa ń pè é. Ìjọba ti sọ ọ́ di dandan. Àjọ tó ń mójú tó omi abẹ́lé fún ìjọba àpapọ̀, NIWA, ti wà láti 1997. LASWA ti Ìpínlẹ̀ Èkó dé nípa òfin ọdún 2008. Kò sí ẹni tó máa sọ pé òun kò gbọ́. Síbẹ̀, ẹ lọ wo ìdí ọ̀pọ̀ ọkọ̀, ẹ máa bá a níbẹ̀ nínú òkìtì, ó tutù, ó ń rùn, ìdè rẹ̀ kan ti já, wọ́n fi okùn ọ̀rá so èkejì ní kókó. Wọ́n á jù ú sí yín, ẹ máa fi kọ́ apá nítorí àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò, tẹ́ ẹ bá ti kọjá wọn, ẹ máa bọ́ ọ.

Mo mú ọ̀kan wá. Ẹ jẹ́ kí n gbé e sókè kẹ́ ẹ rí i. Lára ohun tí mo fi ṣe iṣẹ́ ni kíka ohun tí wọ́n bá tẹ̀, torí náà inú rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ ń wò. Wọ́n tẹ nọ́ńbà sí ibí yìí: 100, àti lẹ́tà N. Iye agbára tó fi ń gbéni sókè nìyẹn, ó tó bí ìgbà tí ohun tó wúwo tó kílò 10 bá ń fà yín lọ sókè. Ẹ lè ní kílò 10 kéré sí èèyàn tó wọ̀n kílò 80. Kò kéré, torí omi fúnra rẹ̀ ti gbé èyí tó pọ̀ jù lára wa. Orí nìkan ló ń wá ẹni tó máa gbé òun sókè. Èyí tó ní 50 N wà fún ẹni tó mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́ dáadáa, tí ìrànlọ́wọ́ sì wà nítòsí. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́, kó má ṣe gba 50. Wọ́n tún tẹ ìwọ̀n ara síbẹ̀. Jákẹ́ẹ̀tì àgbàlagbà lọ́rùn ọmọ ọdún márùn-ún, ńṣe ni ọmọ máa yọ́ bọ́ lábẹ́ rẹ̀, tí jákẹ́ẹ̀tì á máa léfòó lọ ní tirẹ̀. Ti ọmọdé gbọ́dọ̀ ní okùn tó ń gba àárín ẹsẹ̀.

Ẹ wá fi ìka méjì fún fóòmù inú rẹ̀ báyìí, kẹ́ ẹ sì tú u sílẹ̀. Ó wú padà. Èyí tí kò bá wú padà, tó wọnú lọ bí búrẹ́dì tí wọ́n jókòó lé, ó ti kú. Ẹ fa ìdè kọ̀ọ̀kan. Ẹ wọ̀ ọ́, ẹ dì í. Lẹ́yìn náà, kí ẹnì kejì dúró lẹ́yìn yín, kó mú un ní èjìká méjèèjì, kó fà á sókè. Bí ó bá gòkè dé etí yín, ó tú, ẹ tún un dì. Fèrè kékeré tó wà níbí kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Ohùn èèyàn máa ń há láàárín omi, fèrè kì í há.

Gbogbo ohun tí mo ṣe yìí, ìṣẹ́jú mélòó ló gbà? Ẹ sì kíyè sí i pé orí ilẹ̀ ni mo ti ṣe é. Ẹni tí ọkọ̀ rẹ̀ ti dojú dé kò ní ọwọ́ tó máa fi di ìdè mẹ́ta.

6. Ẹni tó dúró

Mo ti sọ̀rọ̀ elébùúté. Kí ẹ tó lọ, ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹnì kan tí kò bá yín lọ: orúkọ gbogbo ẹni tó wà nínú ọkọ̀, nọ́ńbà atukọ̀, àwọ̀ ọkọ̀, ibi tẹ́ ẹ ń lọ, ọ̀nà tẹ́ ẹ máa gbà, àti aago tẹ́ ẹ máa dé. Ẹ jọ fi ẹnu kò pé bí aago náà bá lé ní wákàtí kan tí kò gbúròó yín, kó pe nọ́ńbà pàjáwìrì, 112 tàbí 767. Ẹ dé kí ilẹ̀ tó ṣú, òfin ò fàyè gba ìrìn òru, igi tí a kò rí lọ́sàn-án kò ní fara hàn lálẹ́. Ẹ fi fóònù sínú ọ̀rá tí omi kò lè wọ̀. Bí ọkọ̀ bá sì dojú dé, ẹ di ọkọ̀ náà mú, ẹ má ṣe lúwẹ̀ẹ́ lọ sí etí omi tó dà bíi pé ó wà nítòsí. Ọkọ̀ rọrùn láti rí ju orí èèyàn kan lọ.

7. Ohun tí àwọn kan yóò sọ

Wọ́n á ní àwọn Ìlàjẹ àti Ègùn kì í wọ jákẹ́ẹ̀tì, wọn kì í sì í kú sómi. Ọmọ Ìlàjẹ ni ìyá mi, ẹ jẹ́ kí n dáhùn. Mo ti jókòó sétí omi láàárọ̀ wo bí ìyá ẹlẹ́ja ṣe ń wọ ọkọ̀. Kì í fò wọ̀ ọ́. Á fi ọwọ́ kan mú ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, á gbé ẹsẹ̀ sí àárín, á rọra tẹ̀ba, á wá fa agbada ẹja sún mọ́ra díẹ̀díẹ̀ títí ọkọ̀ á fi dúró déédéé. Á wo ojú ọ̀run, á wo omi. Ó ti mọ̀ ọ́n lúwẹ̀ẹ́ kó tó mọ̀ ọ́n sáré. Ìmúrasílẹ̀ ni gbogbo ìyẹn, inú ara rẹ̀ ló wà, ogójì ọdún ló sì fi kó o jọ. Ìwọ tó ti ojú ọ̀nà Bàjùláyè wá ní Sátidé kan, kò sí i lára tìrẹ. Wọ̀ ọ́ sọ́rùn. Bẹ́ẹ̀ omi ń pa àwọn ọmọ etí omi náà, ẹ̀yin àgbà mi mọ̀ bẹ́ẹ̀, ẹ mọ orúkọ wọn.

Àwọn kan á ní owó rẹ̀ pọ̀ jù. Ẹ fi kún owó tíkẹ́ẹ̀tì. Bí wọ́n bá lè san owó aṣọ ẹgbẹ́ tí wọ́n máa wọ̀ lẹ́ẹ̀kan, wọ́n lè san ti ẹ̀wù yìí.

Àwọn mìíràn á ní Ọlọ́run ló ń ṣọ́ ni. Àmín. Ẹ gbàdúrà ní èbúté, pẹ̀lú ìdè tí ẹ ti dì.

8. Sátidé náà

Mo tẹ ìwé àwọn ọ̀dọ́ yẹn. Mo bá wọn tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ náà láìgba owó: àyè fún orúkọ, fún nọ́ńbà atukọ̀, fún iye èèyàn, fún aago àbọ̀. Wọ́n kún un. Èmi ni wọ́n fi ṣe elébùúté, mo sì bá wọn dé etí omi lọ́jọ́ náà. Ọkọ̀ ti dúró, ìrẹsì ti wọnú ọkọ̀, orin ti ń dún. Olórí wọn, ọmọbìnrin yẹn, dúró ó ń wo apá ìlà-oòrùn. Ojú ọ̀run ṣú díẹ̀ níbẹ̀. Ó bi atukọ̀, atukọ̀ ní ó ṣeé ṣe kó kọjá, ó ṣeé ṣe kó má kọjá. Ó bi bàbá àgbàlagbà kan tó ń tún àwọ̀n ṣe, bàbá kò sọ̀rọ̀, ó kàn tún ojú ọ̀run wò. Ọmọ náà yí padà sí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó ní, "Ẹ sọ̀ kalẹ̀. A ò lọ mọ́."

Ẹ ò mọ ariwo tó sọ. Wọ́n bínú sí i, ẹlòmíràn ní kó dá owó òun padà. Wọ́n gbé ìrẹsì sọ̀ kalẹ̀, wọ́n jẹ ẹ́ lábẹ́ àtíbàbà níbi tí wọ́n ti ń ta ẹja, pẹ̀lú jákẹ́ẹ̀tì lọ́rùn àwọn mìíràn nínú wọn.

Òjò kò rọ̀ lọ́jọ́ náà. Láago méjì, oòrùn ti mú, ọ̀sà tẹ́jú pẹrẹsẹ, wọ́n sì ń wo ọmọ náà tìbínú-tìbínú. Ó jókòó sórí pákó, ó ń jẹun tirẹ̀, kò bẹ̀ wọ́n. Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni wọ́n lọ, àwọn mọ́kàndínlógún. Aago mẹ́rin kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni mo ka orí wọn bí wọ́n ti ń gòkè wá ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì fi bírò fa ìlà sí orúkọ tó gbẹ̀yìn, èyí tó jẹ́ tirẹ̀.

Ó wà nínú gbọ̀ngàn yìí, ní ìlà kẹta. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi kí i.